Kọ́lọ́fín Etí: Ìdí Tí Fóònù Fi Ń Tọrọ Àwòrán Etí Wa

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ń ti ibi ìnáwó bọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Gèlè tí mo wé lọ́jọ́ náà kì í ṣe gèlè kékeré. Obìnrin tó bá mi wé e fà á wálẹ̀ títí tó fi bo etí mi méjèèjì, ó ní bí wọ́n ṣe ń wé e lóde òní nìyẹn. Mo dé ẹ̀gbẹ́ títì ní Lágere, mo fẹ́ sọdá, mo gbọ́ fèrè ọ̀kadà. Etí mi ní iwájú ni. Ni mo bá fà sẹ́yìn. Àfi igbe ọlọ́kadà ní ìpàkọ́ mi: "Màmá, ẹ̀yìn yín ni mo wà o!" Díẹ̀ ló kù kí n jókòó lé e lórí táńkì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo gbọ́ fèrè náà ketekete. Mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí lápá ọ̀tún, kò sì sí lápá òsì. Iwájú àbí ẹ̀yìn ni mi ò mọ̀. Nígbà tí mo délé tí mo tú gèlè, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí pé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá bá mi pé kí n bá òun di fóònù mú, kí kámẹ́rà lè rí etí òun dáadáa. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́ etí. Ó ní fóònù ni.

Kì í ṣe òun nìkan. Láti 2019 ni Sony ti ń ní kí àwọn tó ra íápíìsì wọn ya àwòrán etí wọn ránṣẹ́. Ní 2022, Apple fi irú rẹ̀ sínú iOS 16, ètò tó ń darí fóònù wọn: ẹ ó kọjú sí kámẹ́rà, ẹ ó yí orí sí ìhà kìíní, ẹ ó yí i sí ìkejì, fóònù á sì yẹ etí yín wò. Wọ́n ní nítorí kí orin àti fíìmù lè máa dún bíi pé ó yí ènìyàn ká ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé irọ́ ni, pé ọgbọ́n àtijí nǹkan ẹni ni. Àwa tí a ti fi ìtẹ̀ka àti ojú sílẹ̀ ní báńkì àti fún NIN, kí ló tún kù bí kò ṣe etí? Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀, n óò padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n sọ yẹn, òótọ́ ni, iṣẹ́ tí etí ń ṣe tí a ò fura sí ló sì wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀tún àti òsì ló rọrùn jù. Bí ọ̀kadà bá wà lápá ọ̀tún, ìró rẹ̀ á dé etí ọ̀tún kó tó dé ti òsì. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, orí ènìyàn kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí àlàfo tó wà láàrin etí méjèèjì bá pọ̀ tó, kò ju nǹkan bí ìdá 7 nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ọpọlọ ń ka ìyẹn. Orí fúnra rẹ̀ tún ń dí ohùn tín-ín-rín lọ́nà, bí ògiri ṣe ń ṣíji bo ẹ̀yìnkùlé, tí etí tó wà lódìkejì á fi gbọ́ ọ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Lord Rayleigh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló so méjèèjì pọ̀ ní 1907: àkókò la fi ń mọ ibi tí ohùn tó rinlẹ̀ ti wá, agbára la fi ń mọ ti ohùn tín-ín-rín. Ọ̀nà yìí mú débi pé bí ohun tó ń dún níwájú wa bá fi digírì kan péré yẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá lè mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà ní ọ̀gangan imú yín, ẹ wo èyí tó wà lókè àtàrí, kí ẹ wo èyí tó wà lẹ́yìn ìpàkọ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jìnnà sí etí ọ̀tún náà ni wọ́n ṣe jìnnà sí etí òsì. Ìró wọn ń dé etí méjèèjì pa pọ̀, agbára wọn sì dọ́gba. Gbogbo ìṣirò Rayleigh já síbẹ̀. Bó bá ṣe pé etí wa jẹ́ ihò lásán lára orí, bíi ti adìẹ, ọ̀nà wo la ó fi mọ̀ pé ẹyẹ wà lórí igi, ewúrẹ́ sì wà lẹ́yìn wa?

Ẹ fi ìka tọ etí yín. Ẹ óò rí gegele tó yí i po lókè, kòtò tó jọ inú ìkarahun ìgbín létí ihò, àti ìṣẹ́po kékeré tó dúró bí aṣọ́nà níwájú ihò náà. Àwọn àgbà tó rọ orí idẹ Ifẹ̀, èyí tí wọ́n bá pàdé nínú ilẹ̀ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé, kò fi etí sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Wọ́n ṣe gegele sí i, wọ́n sì ṣe kòtò sí i. Ojú làwọn àlejò máa ń tẹjú mọ́. Èmi máa ń rọ ẹni tí mo bá mú lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin pé kó yí sí ẹ̀gbẹ́ kó wo etí.

Kọ́lọ́fín wọ̀nyẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Bí ìró bá dé, apá kan rẹ̀ á wọ ihò etí tààrà. Apá kan á kọ́kọ́ gbá ara kòtò yẹn, á ta padà, á wá wọlé tẹ̀lé èyí àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìpẹ́ tí ojú kò lè rí. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lẹ́nu ihò, àwọn ohùn kan á gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, àwọn mìíràn á sì pa ara wọn. Bí ẹni méjì bá ń ti ilẹ̀kùn kan náà, tí ọ̀kan wà nínú ilé tí ìkejì wà níta, tí agbára wọn sì dọ́gba, ilẹ̀kùn ò ní lọ síbì kankan. Bó ṣe ń rí fún àwọn ohùn kan nìyẹn, pàápàá láàrin àwọn tó ń gbọ̀n nígbà 6,000 sí 10,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n á pòórá. Èwo gan-an ló pòórá? Ó dọwọ́ ibi tí ìró ti wá, torí pé bí ohun tó ń dún bá ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ìró ń gbà nínú kòtò náà ń yí padà. Ọpọlọ á wo ohùn tó sọnù, á sì mọ̀ pé òkè ni èyí ti wá. Dwight Batteau, ará Amẹ́ríkà, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1967 pé ìtapadà inú etí yìí la fi ń mọ ọ̀nà tí ìró gbà wá. Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ ló rò pé etí ìta kò ju ohun tí olùkọ́ fi ń fa ọmọ lọ.

Ní ti ẹ̀yìn, etí fúnra rẹ̀ ni aṣọ ìkélé. Ìró tó bá gba ẹ̀yìn wá máa pàdé ẹ̀yìn etí kó tó ráyè yípo wọlé, ohùn tín-ín-rín inú rẹ̀ á sì dín kù. Ọjọ́ Sátidé mi nìyẹn: gèlè ti sọ iwájú di ẹ̀yìn, ó sọ ẹ̀yìn di iwájú, gbogbo ìró ló gba inú aṣọ kọjá lọ́nà kan náà. Ẹni tó bá dé abetí ajá tó fa etí rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ òtútù, kó dúró wò dáadáa kó tó sọdá títì.

Kí ọgbọ́n yìí tó lè ṣiṣẹ́, ìró náà gbọ́dọ̀ ní oríṣiríṣi ohùn nínú, kí etí tó rí èyí tó máa yọ kúrò. Ta ni kò tíì wá ìrẹ̀ rí lóru? Ẹ jí, ẹ tan iná, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí, ìrẹ̀ ń ké lọ. Ẹ ní abẹ́ fèrèsé ni, ó dún bíi pé ó ti dé orí àjà. Kì í ṣe pé ìrẹ̀ ń fò kiri. Igbe ọ̀pọ̀ ìrẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn kan ṣoṣo, ní nǹkan bí ìgbọ̀n 4,000 sí 5,000. Kò sí ohùn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọpọlọ lè fi wọ̀n ọ́n. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá mì í lẹ́ẹ̀kan ní gbàgede Ẹnuwà nígbà Ọlọ́jọ́, nínú gbogbo ariwo yẹn, orí yín á ti yí síbi tó wà kí ẹ tó mọ̀. Ohùn inú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lára rẹ̀.

Jens Blauert ní Jámánì fi èyí dán àwọn ènìyàn wò ní nǹkan bí 1969. Ó gbé ariwo tó fún tóóró jáde, tí ohùn inú rẹ̀ kò fẹ̀, ó sì ní kí wọ́n sọ ibi tó ti wá. Èyí tó wà ní agbègbè ìgbọ̀n 8,000, òkè ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ iwájú ló ti ń dún. Ohùn náà fúnra rẹ̀ ló ń pinnu, kì í ṣe ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, ẹ wo èyí: àwa la ń pè é ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, tí a ń fà á sókè lórí ìwé, tí a ń fà á wálẹ̀. Ní 2014, Cesare Parise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé máíkì kiri ìta gbangba, wọ́n wọn ìró ayé bó ṣe ń dún. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni ohùn tín-ín-rín sábà máa ń wá láti òkè ju ohùn tó rinlẹ̀ lọ, wọ́n sì rí i pé bí etí ìta ṣe rí bá ìṣesí yìí mu. Kò dá mi lójú pé ibẹ̀ ni orúkọ àmì ohùn wa ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i.

Mo dán tèmi náà wò ní agbo ilé wa. Mo pe ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan, mo ní kó jókòó sórí àpótí, kó dijú, kó má mi orí. Mo mú ìdì kọ́kọ́rọ́, mo ń mì í níwájú rẹ̀, lókè àtàrí rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń nàka síbẹ̀. Kò ṣì mú. Nígbà tó yá mo fi sẹ́lótépù lẹ etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ orí, mo tún fi díẹ̀ bo kòtò yẹn láì kan ihò rárá. (Ẹ má ki nǹkan kan bọ ihò etí ọmọ o, ẹ jọ̀wọ́.) Mo mi kọ́kọ́rọ́ lápá ọ̀tún, ó mọ̀ ọ́n. Lápá òsì, ó mọ̀ ọ́n. Mo gbé e sókè àtàrí, ó nàka síwájú. Mo lọ sẹ́yìn, ó tún nàka síwájú. Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín, inú bí i, ó ní: "Ẹ ń tàn mí jẹ ni, ẹ ò gbé e sókè!" Nígbà tí mo wá ní kó máa yí orí díẹ̀díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Hans Wallach ti ṣàlàyé ìyẹn láti 1940: bí orí bá yí sí ọ̀tún, ohun tó wà níwájú á sún sí etí òsì, èyí tó wà lẹ́yìn á sún sí etí ọ̀tún, àṣírí sì tú. Ewúrẹ́ ò nílò wàhálà yìí. Etí nìkan ló ń yí, á sì máa jẹ ewé rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fóònù ti wọlé nìyí. Ìka ò dọ́gba, etí náà ò sì dọ́gba. Kòtò tèmi lè jìn ju tiyín lọ, gegele tiyín lè ti tẹ̀ síwájú, kódà etí ọ̀tún àti òsì ẹnì kan ṣoṣo kì í jọra tán. Nítorí náà ohùn tó ń sọnù nínú etí mi nígbà tí nǹkan bá wà lókè lè jẹ́ èyí tó ń sọnù nínú etí yín nígbà tó bá wà níwájú. Kò sí ẹni tí wọ́n bí èyí mọ́. Ọpọlọ ló ń kọ́ etí tirẹ̀ láti kékeré, bí a ṣe ń mọ kọ̀rọ̀ ilé ẹni débi pé a lè rìn ín nínú òkùnkùn.

Bí wọ́n bá wá pàrọ̀ ilé náà ńkọ́? Paul Hofman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nijmegen, lórílẹ̀-èdè Netherlands, ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1998. Wọ́n mọ nǹkan kékeré tó bá kòtò etí ènìyàn mẹ́rin mu, wọ́n fi há a, ó sì yí ìrísí etí wọn padà. Lójú ẹsẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ dàrú mọ́ wọn lójú. Ọ̀tún àti òsì kò yẹ̀. Wọn ò yọ ọ́, wọ́n ń gbé e kiri lẹ́nu iṣẹ́ àti nínú ilé. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ọpọlọ wọn ti kọ́ etí tuntun náà. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọn ò tún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Etí àtijọ́ ṣì wà lórí wọn bí ẹni tó gbọ́ èdè méjì tó kàn yí ahọ́n padà.

Ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí pé etí kì í dúró sójú kan. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, James Heathcote, wọn etí ènìyàn 206 tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995 pé etí ń fi nǹkan bíi mìlímítà 0.22 gùn sí i lọ́dọọdún. Láàrin àádọ́ta ọdún, ìyẹn ti ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bí etí bàbá àgbà bá tóbi lójú yín, ojú yín kò purọ́.

Wàyí o, íápíìsì. Ẹnu ihò etí ló ń da ìró sí, ó fo gbogbo kọ́lọ́fín náà dá. Ìdí nìyẹn tí olórin fi ń kọrin láàrin agbárí yín, tí kò dúró níwájú yín bó ṣe yẹ. Frederic Wightman àti Doris Kistler ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 1989 pé ó ní àtúnṣe. Wọ́n ti máíkì tín-ín-rín bọ ihò etí àwọn ènìyàn, wọ́n gbé ìró láti oríṣiríṣi ibi, wọ́n kọ ohun tí etí kọ̀ọ̀kan ṣe sí ìró náà sílẹ̀, wọ́n wá pò ó mọ́ ohun tí wọ́n gbé gba inú íápíìsì. Ẹni tí wọ́n fi etí ara rẹ̀ ṣe é fún fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tí ìró wà bíi pé kò fi nǹkan kan sétí. Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà ni Elizabeth Wenzel àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi etí ẹnì kan ṣe é fún ènìyàn 16 mìíràn. Ọ̀tún àti òsì dára. Iwájú àti ẹ̀yìn, òkè àti ìsàlẹ̀, ìyẹn ló da ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú rú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wíwọn etí lọ́nà yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀kan nínú àkójọ òṣùwọ̀n etí tó lókìkí jù jọ ní 2001, ìhà 1,250 ni wọ́n ti gbé ìró wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orí 45 ni àpapọ̀ rẹ̀, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ère tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò. Ta ló máa ṣe ìyẹn fún gbogbo ẹni tó ra fóònù? Ni wọ́n bá ní kí kámẹ́rà wo etí, kí kọ̀ǹpútà sì fi ojú díwọ̀n ohun tí etí tó rí báyìí máa ṣe sí ìró. Ìdíwọ̀n ni o, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi fóònù gbọ́ ìròyìn àti ìwàásù kò pàdánù nǹkan kan bí kò bá ya etí. Ẹni tó fẹ́ràn géèmù, tó fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ti ìbẹ̀rù tí mo mẹ́nu bà, Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka àmì ara tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀ mọ́ ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra, bẹ́ẹ̀ etí sì wà lára ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀. Ẹ ka ohun tí fóònù kọ síbẹ̀ kí ẹ tó tẹ "mo gbà".

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ju àwa tí à ń fi íápíìsì gbọ́ orin lọ ni àwọn àgbàlagbà tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ran etí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà, ẹ̀yìn etí ni wọ́n ń gbé e kọ́, máíkì rẹ̀ sì wà lókè níbẹ̀, tí kò rí kọ́lọ́fín kankan lò. Bàbá á gbọ́ pé wọ́n ń pe òun, á máa wò káàkiri. Àwọn ọmọ á ní bàbá ò gbọ́ràn. Ó gbọ́. Ẹ kàn bọ́ síwájú rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Kódà láìsí ẹ̀rọ, ohùn tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ fi etí arúgbó sílẹ̀, òun náà sì ni kòtò etí ń lò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi parí àwòrán etí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó fi fíìmù kan dán an wò, bàálù kan gba orí wọn kọjá níbẹ̀, ó sì gbé orí sókè wo àjà ilé, ẹ̀rín pa mí. Ó ní kí èmi náà gbọ́. Mo ki íápíìsì rẹ̀ bọ etí, ó dá a padà síbi bàálù. Mo ń retí rẹ̀ lókè. Ó ti ọ̀tún wá, ó kọjá lọ sí òsì, àmọ́ iwájú orí mi báyìí ló gbà, bí eṣinṣin. Mo ní bàálù wọn ò mà fò sókè. Ó ní, "Àǹtí, etí mi lẹ fi ń gbọ́ ọ."